Àwòrán Ojú Ọ̀run Kì Í Gba Rìbá

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti ń parí lọ, ọdún ìtúnu ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òjò oṣù kẹjọ kì í ṣe tuntun fún ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èyí kọ̀, kò dá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ti bá omi lọ. Afárá já káàkiri. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, àwọn ará ibẹ̀ dà bí ẹni tó ń gbé erékùṣù. Ilé tí wọ́n fi owó àjọ kọ́, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọjà ọdún sí, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀.

Àwọn tó ti gbọ́njú ní ọdún 1980 ní ìrántí tiwọn. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà, ni Ògùnpa ya wọ ìlú. Títí di òní, tí wọ́n bá ní “ọdún Ògùnpa”, àgbàlagbà Ìbàdàn kò ní kí ẹ ṣàlàyé. Omi ti jà níbẹ̀ ní 1960, ó jà ní 1963, ó jà ní 1978. Kì í ṣe àlejò.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ 2011 tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Ọjọ́ 9 péré ṣáájú kí omi náà tó dé, ìyẹn ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì 2 ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti ìlú Yasny ní Rọ́ṣíà. NigeriaSat-2 ni wọ́n pe ọ̀kan, wọ́n pe èkejì ní NigeriaSat-X. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní Surrey, ni wọ́n ti ṣe wọ́n, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fọwọ́ ara wọn to NigeriaSat-X pọ̀. Wọn kọ́ ni àkọ́kọ́ tí a ní. NigeriaSat-1 ti gòkè ní ọdún 2003, ó sì wà lára àwọn tó ya àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní 2005.

Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà lè béèrè, kò sì jẹ̀bi: ojú tí a fi owó ìlú rà sí òkè yẹn, kí ló ń wò nígbà tí omi ń gbé ọmọ aráyé lọ? Ó rí New Orleans, kò rí Apẹ̀tẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kí a tó bínú, ẹ jẹ́ ká mọ irú iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe.

Sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ kì í ṣe gáàdì tó jókòó sẹ́nu géètì. Alárìnkiri ni. Nǹkan bí 700 kìlómítà ló fi ga ju orí wa lọ, ó ń sáré yí ayé po ní nǹkan bí wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Tó bá kọjá lórí Ìbàdàn lónìí, ó di ọjọ́ mìíràn. Landsat ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 16 ló ń gbà kí ọ̀kan nínú wọn tó padà sí ojú kan náà. Àgbàrá Ìbàdàn ńkọ́? Alẹ́ kan ni, ó dé, ó pa, ó lọ. Kí alárìnkiri tó padà dé, wọ́n ti ń sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn.

Ti ìkùukùu tún wà níbẹ̀. Oṣù tí òjò ń rọ̀ náà ni ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, kámẹ́rà lásán tó bá wà lókè kò rí nǹkan kan ju funfun bí òwú lọ. Lóòótọ́, oríṣi mìíràn wà tó dúró sójú kan gbọin, tó ń ṣọ́ ìkùukùu tọ̀sán tòru, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí rédíò ń lò ó. Ìyẹn ń ṣọ́ òjò. Èyí tí à ń sọ níbí ń wo ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ tí omi dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kí omi náà tó dé, nígbà tí wọ́n ń pín pulọ́ọ̀tì, nígbà tí katakata ń hú igi.

Báwo ló ṣe ń rí i? Ẹ̀yin aláró mọ̀ pé aṣọ méjì lè jọ ara wọn nínú ilé, kí ẹ gbé e síta kí ẹ rí i pé ọ̀kan ti ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ló fi í hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkè. Ewé tútù ń da oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan padà tí ojú ènìyàn kò lè rí rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ sátẹ́láìtì rí i kedere. Ewé tó ń rọ kì í dá a padà tó bẹ́ẹ̀. Omi gbé e mì. Páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ní bí tiwọn ṣe rí. Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà bá ti gba àwòrán náà, ó lè ya igbó sọ́tọ̀ kúrò lára òrùlé, kó ya omi sọ́tọ̀, kó sì ka iye ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà.

Ojú rẹ̀ ní ìwọ̀n o. Ti Landsat, ẹyọ ojú kan nínú àwòrán náà jẹ́ mítà 30 níbùú, 30 lóròó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pulọ́ọ̀tì méjì, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún. Kò lè rí yín níwájú ọjà yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, ojú tirẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀, mítà 10 sí 10. Pulọ́ọ̀tì kan yóò gba ojú mẹ́rin, márùn-ún níbẹ̀. Èkejì rẹ̀ kan wà, Sentinel-1, tí kì í lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn rárá. Rédà ló ń lò: ó ń sọ ìgbì rédíò tí a kò lè rí sílẹ̀, ó ń ṣọ́ bí ó ṣe padà wá. Ìkùukùu kò dí i lọ́wọ́, òru kò dí i lọ́wọ́. Omi tó tẹ́ rẹrẹ máa ń ta ìgbì náà nù sápá kan, ojú ibẹ̀ á dúdú, wọn á mọ̀ pé omi ti bo ibẹ̀. Ní oko gbalasa, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Láàárín ilé tó há mọ́ra bíi ti Bẹẹrẹ, ògiri á máa ta ìgbì náà síwá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú.

Èyí tó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ àgbàrá lè má tilẹ̀ jẹ́ àwòrán igi àti ilé. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà lo ọjọ́ 11 lójú ọ̀run, rédà inú rẹ̀ sì wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí àti bí ó ṣe rẹlẹ̀ sí fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé. Òkè Mapó wà níbẹ̀. Àfonífojì Ògùnpa wà níbẹ̀, ti Kúdẹtì, ti Ògbẹ̀rẹ̀, ti odò Ọ̀nà. Tí ẹ bá ti mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, ṣé ó tún ku ẹni tí yóò sọ ibi tí omi yóò gbà fún yín? Kọ̀ǹpútà yóò fa ilà ọ̀nà omi náà fúnra rẹ̀. Kò ní béèrè ẹni tó ti kọ́ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àṣírí ìjọba. Landsat àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù keje ọdún 1972, láti ọdún 2008 sì ni Amẹ́ríkà ti sọ àwòrán wọn di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ti Sentinel náà, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ̀n ilẹ̀ ti Endeavour, ọ̀fẹ́. Àádọ́ta ọdún ó lé ti ìlú Ìbàdàn wà nínú àpótí, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti sùúrù lè ṣí i.

Kí ni ẹni tó bá ṣí i máa rí? Yóò rí ìlú tó ń fẹ̀ bí epo tó dà sórí aṣọ. Àárín ìlú ní páànù tó ti dógùn-ún, ìyẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n etí ìlú, Apẹ̀tẹ̀, Àjíbọ̀dé, Ológùn-ẹ́rù, Akóbọ̀, Olódó, ibi tó jẹ́ oko àti igbó nínú àwòrán àtijọ́, di òrùlé nínú ti ìsinsìnyí. Igbó tíìkì tí ìjọba dá sí etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, adágún tí wọ́n ti ṣe láti 1942, wọ́n ti jẹ ẹ́ bí eku ṣe ń jẹ kókó ọṣẹ. Lápá àríwá, ibì kan ṣì dúró tó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni ta ewé sáàárín ẹrẹ̀: ilẹ̀ IITA, ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, tí wọ́n mọ odi yí ká láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tí kò bá gbà pé ìlú ti yí padà, kó wo ibẹ̀ kó sì wo ẹ̀yìn odi rẹ̀.

Kí wá ló kan àgbàrá nínú kí igi ó kúrò? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọjà. Òjò 26 oṣù kẹjọ yẹn, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni mìlímítà 187.5. Ká ní ẹ gbé ọpọ́n síta, omi inú rẹ̀ yóò ga ju ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹ dà á sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún: ó lé ní 80,000 lítà. Dúróòmù ńlá tí à ń fi pọnmi sílé, ó lé ní 400. Pulọ́ọ̀tì kan o! Tí ibẹ̀ bá jẹ́ igbó, ewé á gba díẹ̀ dúró, gbòǹgbò á ti la ilẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ á fa púpọ̀ mu, èyí tó ṣẹ́kù á máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ páànù àti sìmẹ́ńtì láti igun dé igun, 400 dúróòmù yẹn á jáde sí gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Aládùúgbò á tú tirẹ̀ síta. Gbogbo òpópónà á tú tiwọn. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ẹrù tí wọ́n dì lé e ló pọ̀ sí i.

Àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó kò ní sátẹ́láìtì. Ẹ wo orúkọ àdúgbò àtijọ́ wọn: Òkè Àrẹ, Òkè Ààrẹmọ, Òkè Mapó. Orí òkè ni wọ́n fìdí sí. Wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún odò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti owó àpò ni èyí. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Gbági, ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀, ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ló wà. Ó ti dá èsúsú fún ọdún mẹ́jọ. Ilé àyágbé ti sú u, lánlọ́ọ̀dù ti pariwo lé e lórí tó. Ọmọ onílẹ̀ kan mú un lọ wo ilẹ̀ ní oṣù kejì ọdún. Ẹ fiyè sí oṣù náà. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbẹ táútáú, koríko gbígbẹ ń dún lábẹ́ sálúbàtà.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ilẹ̀ líle ni,” onílẹ̀ wí.

“Ọmọ mi, kòtò wo ni ti ẹ̀yìn yẹn?”

“Ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ nígbà kan ni, Ìyá mi. Ẹ máa dí i, ẹ ó sì gbàdúrà fún mi.”

Ó san owó. Ó gba rìsíìtì àti àgíríìmẹ́ǹtì. Ó dí “kòtò” náà pẹ̀lú tírélà yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ́ yàrá méjì, ó kó wọlé. Ọdún kìíní, omi dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún kejì, omi wọ yàrá, àǹkárá tó wà nísàlẹ̀ ṣí àwọ̀. Ọdún kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa, wọ́n kọ X gàgàrà sára ògiri rẹ̀: ó kọ́lé sójú omi. Onílẹ̀ ti lo owó tán. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ta ló jẹ̀bi? Wọn á ní ìyá náà ni, kò gba àṣẹ kó tó kọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ni, kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa ilà pulọ́ọ̀tì sórí àfonífojì ńkọ́? Ẹni tó jókòó nínú ọ́fíìsì, tó lu òǹtẹ̀ lé ìwé àwọn kan létí odò kan náà nítorí wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, òun ńkọ́? Ọ̀dà pupa kì í sábà gun ògiri gíga. Ilé alájà mẹ́ta tó wà létí omi a máa dúró, yàrá méjì onípáànù ni katakata ń kọ́kọ́ bá.

Ibi tí àwòrán ojú ọ̀run ti wúlò fún mẹ̀kúnnù nìyí. Kò mọ ẹni tó ni ilé alájà mẹ́ta. Kò gba rìbá. Ó ní déètì lára, kò sí ẹni tó lè sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe odò ní 2003 tí àwòrán 2003 bá wà níbẹ̀ tí omi ń dán. Ilà tí kọ̀ǹpútà fà láti inú ìwọ̀n ilẹ̀, ọ̀kan náà ni fún olówó àti tálákà. Tí wọ́n bá fẹ́ wó, kí wọ́n gbé e lé ògiri ọ́fíìsì kí gbogbo ayé rí àwọn tó wà lójú ilà. Ìyẹn ni kí àwọn ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ máa béèrè fún nígbà tí ìjọba bá pè wọ́n sípàdé, kì í ṣe kí wọ́n gba omi nínú ọ̀rá kí wọ́n máa lọ sílé.

Ìjọba kò sì lè sọ pé kò sí ìwé. Lẹ́yìn omi 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ àgbàrá Ìbàdàn. Wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n la ọ̀nà omi. Ṣíṣe ètò ìlú, ètò àgbàrá àti ètò gọ́tà wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Bí a ṣe ń la Ògùnpa lẹ́yìn 1980 kọ́ ará Ìbàdàn lẹ́kọ̀ọ́: ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà, ìjọba dé, ìjọba lọ, kọnkéré kò parí. Ìwé ètò kò nira tó bẹ́ẹ̀. Owó kọ́ ni kí wọ́n fi ṣí i kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀.

Ooru náà ń bẹ ńlẹ̀, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Igi tí wọ́n gé tí omi fi ń sáré, òun náà ló ń bò yín lórí tẹ́lẹ̀. Landsat ní ojú kan tó ń wọn ooru ojú ilẹ̀, ìyẹn bí páànù àti títì ṣe gbóná sí, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Tí wọ́n bá kùn ún sórí ìwé, ibi tí igi wà á tutù, ibi tí páànù àti ọ̀dà títì wà á pọ́n bí ata. Ewé ń tú omi jáde bí ẹni ń làágùn, ìyẹn ló ń tu àyíká rẹ̀ lára. Ọjà àtijọ́ wa, ta ni kò mọ̀ pé abẹ́ igi odán ni wọ́n ti ń ná an? Wọ́n gé odán, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù títì pa síbẹ̀, wọ́n ní ọjà ìgbàlódé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tòmátì ní aago méjì ọ̀sán bí ìgbàlódé ṣe rí lára rẹ̀.

Àwọn kan ti gbé ìgbésẹ̀, wọn kò sì jìnnà sí wa nínú ìtàn. Ní Freetown, Sàró tí Àjàyí Crowther àti ẹlòmíràn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aṣòwò ẹrú fi ṣe ilé, abúlé Regent wà lórí òkè. Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n tẹ irú abúlé bẹ́ẹ̀ dó. Wọ́n ń gé igi orí òkè náà fún ilé lọ́dọọdún. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò púpọ̀, òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ lé Regent lórí. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ hàn gbangba: òkè tútù, lẹ́yìn náà ọgbẹ́ pupa gbọọrọ láti orí dé ẹsẹ̀.

Obìnrin kan, Yvonne Aki-Sawyerr, wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú náà ní 2018. Ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi, mílíọ̀nù kan ni wọ́n fojú sùn. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé wọn kò gbìn ín kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n lọ, bí ó ṣe máa ń rí níbi tí ẹ mọ̀. Àwọn ará àdúgbò ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń fi fóònù ya igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó wà, wọ́n sì ń gba owó fún èyí tó yè. Ní 2021, wọ́n yan obìnrin kan, Eugenia Kargbo, kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ooru nìkan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta ìbòrí ìbòòji sí ọjà mẹ́ta, nítorí àwọn ìyálọ́jà ló ń jókòó sóòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìbòrí nìkan kò lè tán ooru ìlú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wo ọjà, ó rí obìnrin níbẹ̀.

Kí ìjọba ibí tó ṣe tirẹ̀, ohun kan wà tí ìyá aláǹkárá yẹn ìbá ṣe. Kó tó san kọ́bọ̀, ìbá pe ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ aládùúgbò tó mọ kọ̀ǹpútà: “Jọ̀wọ́, bá mi ṣí Google Earth.” Níbẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń yí àwòrán padà sẹ́yìn, ọdún dé ọdún. Kó wo ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀. Kó wá èyí tí wọ́n yà ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ. Tó bá rí ilà tútù kan tó ń wọ́ bí ejò láàárín pupa, tí kò gbẹ nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ, omi ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, kò sí àníàní. Àgbà àgbẹ̀ mọ èyí tipẹ́: ibi tí ògùrọ̀ bá tò sí, ẹ má fi fáńdéṣọ̀n síbẹ̀. Onílẹ̀ lè gé ògùrọ̀ kó tó mú yín dé. Kò lè gé e kúrò nínú àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Kó tún padà lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Tí onílẹ̀ bá ní ẹlòmíràn ti fẹ́ san, kó jẹ́ kó san. Kó bá àwọn tó ti ń gbé àdúgbò náà sọ̀rọ̀, kó wo ògiri wọn dáadáa: omi máa ń fi ilà sílẹ̀ lára ògiri, ọ̀dà tuntun kì í sì í bò ó pẹ́. Sọ̀fẹ́yọ̀ tó bá bẹ̀ níṣẹ́, kó bi í bí ilẹ̀ náà ṣe ga sí ju odò tó sún mọ́ ọn lọ, ní mítà. Tó bá rẹ́rìn-ín láìdáhùn, kó wá òmíràn.

Nǹkan kan kù tí àwòrán òkè kò lè rí, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ojú tó mú jù nínú àwọn ọ̀fẹ́ wọ̀nyí, mítà 10 ni. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù kò tó bẹ́ẹ̀. Ike omi, ọ̀rá, èèpo ìṣu àti ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń rọ́ dà sínú Ògùnpa ní òru, kò rí wọn. Àwọn tó ń dà á mọ ara wọn, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nísàlẹ̀ odò náà sì mọ̀ wọ́n.